Ẹ Jẹ́ Kí Afẹ́fẹ́ Rí Ọ̀nà Wọlé, Kí Ó Sì Rí Ọ̀nà Jáde

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ní ọ̀sẹ̀ yìí lè jọ ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ iná lójú àwọn kan, wọn a sì máa bi ara wọn pé kí ni ó kan nọ́ọ̀sì dísípẹ́ńsárì nínú ẹ̀rọ amúlétutù tí kò fẹ́ dáadáa mọ́. Ó kàn mí, nítorí pé ọ̀dọ̀ wa ni àwọn tí ó sun yàrá náà ń bọ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ẹlòmíràn a wá pẹ̀lú orí fífọ́, ẹlòmíràn pẹ̀lú ikọ́ tí kò lọ, ìyá ọlọ́mọ a gbé ọmọ tí ooru ti sú sí lára wẹ́wẹ́ wá. Bí a bá sì béèrè bí yàrá wọn ti rí, a ó gbọ́ pé fèrèsé kan ṣoṣo ni ó ní, àti pé wọn kì í ṣí ìyẹn náà.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀, nítorí ó ti pọ̀ ní Àkúrẹ́ láti Alágbáká dé Ìjàpọ̀, kò sì ṣọ̀wọ́n ní Oǹdó mọ́. Bí ẹ̀rọ bá ń dún ṣùgbọ́n tí atẹ́gùn rẹ̀ kò dé orí ibùsùn, ohun tí ọ̀pọ̀ baálé ilé kọ́kọ́ ń sọ ni pé gáàsì ti tán. Wọn a ránṣẹ́ pe oníṣẹ́, oníṣẹ́ a rọ gáàsì sí i, a gba owó rẹ̀, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ọ̀ràn a tún padà sí bí ó ti wà. Gáàsì inú ẹ̀rọ amúlétutù kì í jó tán bí epo bẹntiróòlù. Inú páìpù ni ó ń yí ká, lọ àti bọ̀. Bí ó bá dín, a jẹ́ pé ó ń jò níbì kan, oníṣẹ́ tí kò bá sì wá ojú ibi tí ó ń jò kí ó tó rọ òmíràn, inú apẹ̀rẹ̀ ni ó ń pọn omi sí. Atẹ́gùn tí ó ń fẹ́ ṣùgbọ́n tí kò tutù, ẹ lè fi ìyẹn pe gáàsì lẹ́jọ́. Atẹ́gùn tí kò fẹ́ rárá, ìdọ̀tí ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ pa ẹ̀rọ náà láti ara ògiri, kì í ṣe láti ara rìmóòtù nìkan. Ẹ ṣí ìdérí iwájú rẹ̀. Ẹ ó rí asẹ́ fẹ́lẹ́ kan tàbí méjì níbẹ̀, èyí tí ẹ̀rọ fi ń gba eruku dúró. Nígbà ọyẹ́, eruku a bo asẹ́ yìí títí yóò fi dà bí aṣọ òfì, kò sì sí bí atẹ́gùn yóò ṣe gba inú òfì kọjá. Ẹ fà á yọ, ẹ fi omi àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sí ibòji kí ó gbẹ dáadáa kí ẹ tó dá a padà. Ẹ má ṣe sá a sí oòrùn gangan, a máa lọ́ pọ̀. Nígbà òjò, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tó. Nígbà ọyẹ́, kí ó jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Mo mọ ilé tí wọ́n ti ń lo ẹ̀rọ yìí fún ọdún mẹ́ta tí kò sí ẹnìkan níbẹ̀ tí ó mọ̀ pé ó ní asẹ́.

Bí ẹ bá fọ asẹ́ tí kò sì yàtọ̀, ẹ wò ó bóyá kọ́tìnnì tàbí kọ́bọ́ọ̀dù ni ó dí i lójú, tàbí bóyá ewé tí ó ń darí atẹ́gùn kọjú sí àjà. Bí ẹ bá rí yìnyín lára páìpù inú rẹ̀, ẹ pa á kí yìnyín náà yọ́ tán. Bí yìnyín bá tún padà lẹ́yìn tí asẹ́ ti mọ́, ìgbà náà ni kí ẹ pe oníṣẹ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, iná mànàmáná ni kò lágbára, fáànù inú ẹ̀rọ kò sì lè yí bí ó ti yẹ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí èyí nìkan ni mo ṣe mú gègé. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀rọ amúlétutù ń mú afẹ́fẹ́ tuntun wọlé láti ìta. Irú èyí tí ó wà nínú ilé wa kò ṣe bẹ́ẹ̀ o. Afẹ́fẹ́ inú yàrá náà gan-an ni ó ń fà wọnú, tí ó ń mú tutù, tí ó sì tún ń tú jáde fún yín. Bí ẹni márùn-ún bá sùn síbẹ̀, tí ọ̀kan sì ń wúkọ́, èémí ẹni tí ó ń wúkọ́ yìí ni àwọn mẹ́rin yòókù ń mí sínú títí ilẹ̀ fi mọ́. Báyìí ni ikọ́ ife ṣe ń gba ilé kan láti orí bàbá dé orí ọmọ, tí àwọn aládùúgbò a sì máa sọ pé ayé ni ó ń ṣe wọ́n.

Florence Nightingale tí ó dá ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1860 ti kọ̀wé ní ọdún kan ṣáájú ìgbà náà lórí ìtọ́jú aláìsàn, afẹ́fẹ́ mímọ́ ni ó sì fi ṣe òfin kìíní. Wọ́n kọ́ àwa náà ní ilé ẹ̀kọ́ pé kí a ṣí fèrèsé kí a tó tẹ́ ibùsùn. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní ọdún 2020, ohun kan náà ni àwọn dókítà káàkiri ayé tún ń pariwo.

Ẹ wá wo bí a ti ń kọ́lé nísinsìnyí. Àwọn baba wa ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó kọ́lé yí àgbàlá ká. Ẹni tí ó bá ti wọ ààfin àtijọ́ ti Déjì yóò rí bí àgbàlá ti tẹ̀lé àgbàlá, tí afẹ́fẹ́ sì ń ti òkè sọ̀kalẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà yàrá. Lónìí, a ó fi fèrèsé onígíláàsì tí a ń fà sí ẹ̀gbẹ́ sí yàrá, ìdajì rẹ̀ nìkan ni ó sì lè ṣí lẹ́ẹ̀kan. Onílé a tún gé yàrá ńlá sí méjì kí ó lè gba owó ilé méjì. Apá kan a ní fèrèsé, apá kejì a ní ògiri. Èmi kò gbà pé ilé ni ìyẹn. Afẹ́fẹ́ kì í wọ ibi tí kò ti rí ọ̀nà jáde, nítorí náà fèrèsé kan kò tó. Bí kò bá sí ojú kejì, ẹ ṣí ìlẹ̀kùn tí ó kọjú sí i fún ìwọ̀n wákàtí kan láàárọ̀ àti wákàtí kan nírọ̀lẹ́.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní ẹ̀fọn ńkọ́, eku ńkọ́, olè ńkọ́? Ọ̀rọ̀ eku kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà ní ìpínlẹ̀ wa, níbi tí ibà Lásà ti ń pa ènìyàn, tí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ọ̀wọ̀ sì ń tọ́jú àwọn tí ó mú. Ṣùgbọ́n kí a fi sìmẹ́ńtì dí ihò afẹ́fẹ́ tí ó wà lókè ògiri kọ́ ni ìtọ́jú eku. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin tí ojú rẹ̀ kéré kàn án mọ́ ibẹ̀, kí ẹ sì bo oúnjẹ yín. Ti fèrèsé, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sí i, ṣùgbọ́n ẹ rántí fọ̀ ọ́: nẹ́ẹ̀tì tí eruku ti dí kò yàtọ̀ sí asẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ní ti olè, irin ojú fèrèsé ń ṣiṣẹ́ yálà fèrèsé ṣí tàbí ó padé.

Èyí tí ó bà mí lẹ́rù jù lọ ni yàrá abiyamọ nígbà ọyẹ́. A ó ti fèrèsé pa, a ó fi àkísà dí abẹ́ ìlẹ̀kùn, a ó sì gbé ìkòkò èédú tí ó ń jó wọlé kí òtútù má baà mú ìyá àti ìkókó. Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi. Ìgbà tí ẹ̀yin ń yáná fún abiyamọ, ilé tí a fi koóko tàbí ewé bò ni ọ̀pọ̀ ilé, èéfín a máa gba orí òrùlé jáde. Ilé òní ní àjà tí ó dí pa. Èédú tí ó ń jó níbẹ̀ ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, ẹ̀jẹ̀ ènìyàn sì ń fà á mọ́ra ní ìlọ́po tí ó ju 200 lọ ju bí ó ti ń fa afẹ́fẹ́ tí ó gbé ẹ̀mí ró lọ. Orí a kọ́kọ́ fọ́, èébì a gbé ni, oorun a kùn ni, ẹni tí ó bá sì sùn lọ níbẹ̀ lè má jí mọ́. Ohun kan náà ni ó ń ti ẹnu ẹ̀rọ amúnáwá tí a gbé sí abẹ́ fèrèsé jáde. Kí ẹ̀rọ amúnáwá wà ní gbangba ìta, kí ó jìnnà réré sí ilé, kí ẹnu èéfín rẹ̀ má sì kọjú sí ilé yín tàbí ti aládùúgbò. Ní ti ìkókó, ẹ wọ̀ ọ́ ní aṣọ àti fìlà, kí ìyá rẹ̀ gbé e mọ́ àyà. Ìyẹn gbóná ju ìkòkò èédú lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bí yàrá yín ti rí, ẹ so fọ́nrán òwú kan mọ́ ojú fèrèsé, kí ẹ sì ṣí ìlẹ̀kùn. Bí òwú náà kò bá mira rárá ní ọjọ́ tí atẹ́gùn ń fẹ́ níta, ẹ lọ bá onílé yín sọ̀rọ̀. Ẹni tí ikọ́ rẹ̀ bá sì ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó wá sí ilé ìwòsàn ìjọba tí ó bá sún mọ́ ọn kí a yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò. A kì í gba owó àyẹ̀wò ikọ́ ife, a kì í sì í gba owó oògùn rẹ̀.