Ẹ Fi Ọwọ́ Ara Yín Hun Ún

Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ni kò mọ Ìjàpá, ọkọ Yánníbo? Ẹ ti gbọ́ oríṣiríṣi àlọ́ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé a lè fi òwú hun Ìjàpá kékeré kan tí yóò jókòó sí àtẹ́lẹwọ́ yín? Kóróṣè ni à ń pe iṣẹ́ ọwọ́ náà. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni a fi ń ṣe é, ẹnu abẹ́rẹ́ náà sì tẹ̀ bí ìwọ̀ tí a fi ń pẹja. Ní orílẹ̀-èdè Jàpáànù, amigurumi ni wọ́n ń pe irú ọmọláńgidi kékeré bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó mọ iṣẹ́ yìí ti kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ti fi fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n èrò mi ni pé ìlànà nìkan ni ọ̀fẹ́. Iṣẹ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹni tí kò bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun ún kò tíì gba ẹ̀bùn náà rárá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì mi. Mo fún àwọn ọmọ ìwé karùn-ún ní ìlànà Ìjàpá kan. Mo ní kí wọ́n hun ún nílé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí ọjọ́ pé, ọmọbìnrin kan gbé Ìjàpá tí ó rẹwà wá. Kò sí ibi tí ó wọ́. Ọmọkùnrin kan náà gbé tirẹ̀ wá. Ẹsẹ̀ kan gùn ju àwọn yòókù lọ, ọrùn rẹ̀ sì yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Mo fún àwọn méjèèjì ní abẹ́rẹ́ àti òwú. Mo ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ òmíràn lójú mi. Ọmọkùnrin náà fi òwú ṣe òrùka, ó sì hun ojú mẹ́fà sínú rẹ̀. Ọmọbìnrin náà kò mọ bí a ti ń di abẹ́rẹ́ náà mú. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ọjà ni ìyá rẹ̀ ti ra Ìjàpá náà.

Mo fún ọmọkùnrin náà ní máàkì 8 nínú 10. N kò tíì fún ọmọbìnrin náà ní nǹkan kan. Mo ní kí ó lọ hun tirẹ̀ wá. Ní ọjọ́ kejì, ìyá rẹ̀ wá bá mi. Ó ní, "Tíṣà, iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ yìí ti pọ̀ jù. Ṣé èyí tí mo rà kò wá dára ju wúruwùru tí ẹ fún ní máàkì lọ ni?"

Òótọ́ ni ó sọ. Èyí tí ó rà dára jù. Ṣùgbọ́n mo dá a lóhùn pé, "Ẹ má bínú, mà. Kì í ṣe Ìjàpá ni mo ń fún ní máàkì, ọmọ ni."

Kí ni ọmọkùnrin yẹn kọ́ tí owó kò lè rà? Ó kọ́ ìṣirò àti sùúrù. Ìyípo kìn-ín-ní ẹ̀yìn Ìjàpá jẹ́ ojú 6. Ìyípo kejì jẹ́ 12, ẹ̀kẹta 18, ẹ̀kẹrin 24, ìkarùn-ún 30. Mẹ́fà mẹ́fà ni ó ń lé sí i. Bí ẹ bá gbàgbé láti fi kún un, yóò ká bí ife kí ó tó tóbi tó. Bí ẹ bá sì fi kún un jù, etí rẹ̀ yóò máa lọ sókè sódò bí etí gèlè. Nítorí náà, ẹ fi òwú aláwọ̀ mìíràn sàmì sí ibi tí ìyípo kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń dunni láti tú ìyípo mẹ́ta nítorí ojú kan ṣoṣo tí a fò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti tú u lẹ́ẹ̀kan yóò máa kà á dáadáa. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Àwọn kan lè sọ pé òwú wọ́n. Ẹ tọrọ súwẹ́tà àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn òbí yín, kí ẹ tú u. Ẹ gé àkísà tí ó mọ́ wẹ́wẹ́, kí ẹ fi kún inú Ìjàpá yín. Òwú dúdú ni kí ẹ fi rán ojú rẹ̀. Ẹ má lo bọ́tìnnì, kí ọmọ kékeré má baà já a gbé mì.

Ẹ̀yin ọmọkùnrin, ẹ má sọ pé iṣẹ́ obìnrin ni. Ṣé àwọn ọkùnrin kọ́ ni ó ń jókòó ti òfì ní Ìsẹ́yìn, tí wọ́n ń hun aṣọ òkè? Bákan náà, ẹ máa dárúkọ ẹni tí ó kọ ìlànà tí ẹ lò. Kò gba owó lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n ọpẹ́ tọ́ sí i.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọbìnrin náà gbé Ìjàpá tirẹ̀ wá. Ojú kan ga ju èkejì lọ. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bi í léèrè ibi tí èyí tí wọ́n rà wà. Ó ní ó wà lórí àpótí aṣọ nílé, pé èyí tí òun hun ni òun ń gbé sùn.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí wọ́n bá fún yín ní iṣẹ́ ọwọ́ ní ilé ìwé, ẹ má ṣe rán òbí yín lọ sí ọjà. Ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe é. Bí ó bá tilẹ̀ wọ́, tiyín ni.