Lọ́rì tó ń ri ọkọ̀ ogun: ṣé ó yẹ nínú géèmù?

Àwọn tó ń gbá géèmù War Thunder lórí kọ̀ǹpútà kì í yó. Tánkì ogun wà níbẹ̀, bàálù wà, ọkọ̀ ogun ojú omi náà wà. Síbẹ̀, àwọn kan ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́rì sójà tó ń gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń ri ọkọ̀ ojú omi.

Ẹ má bú wọn o. Ní April 13, 2022, Ukraine ní rọ́kẹ́ẹ̀tì Neptune méjì táwọn yìn láti etíkun ló ba Moskva, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Rọ́ṣíà lórí Òkun Dúdú. Rọ́ṣíà ní rárá, iná ló sọ nínú ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Moskva rì.

Ibi tí wàhálà wà rèé. Neptune lè rìn tó nǹkan bíi 280 kìlómítà. Ẹni tó yìn ín kò rí ọkọ̀ tó fẹ́ rì. Ẹlòmíì ló ń júwe fún un. Bó bá yìn ín tán, á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ta ló fẹ́ gbá irú géèmù bẹ́ẹ̀? Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kò ní rẹ́ni bá jà, yóò kàn máa rì ni. Bí wọ́n bá sì ní kí lọ́rì sún mọ́ omi kó tó yìn, ìbọn ńlá inú ọkọ̀ á fọ́ ọ túútúú.

Géèmù kì í dùn bí ọ̀tá méjèèjì ò bá ríra wọn. Ogun gidi ò mọ ìyẹn. Rọ́ṣíà fẹnu ara ẹ̀ sọ pé ẹnì kan kú nínú Moskva, àwọn 27 di àwátì. Ẹni tó bá rì nínú géèmù á tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ńkọ́?