Ta Ni À Ń Pè Ní Àgbàyà?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń jáde lẹ́nu àwọn ará ìlú wa ní fàlàlà, tí a sì rò pé ó yẹ kí ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé tí ń ka ìwé ìròyìn Ẹgbẹ́ wa bá wa gbé yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ náà ni “àgbàyà.” Gẹ́gẹ́ bí àwa ti mọ̀ ọ́n, ẹni tí ó tọ́ sí ni àgbàlagbà tí ń bá ọmọdé du ẹran inú àwo, tàbí tí ń fi ọjọ́ orí rẹ̀ rẹ́ ẹni tí kò lágbára jẹ. Ẹ̀gàn ńlá ni. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, bí bàbá kan tí ó ti rí ọmọ ọmọ bá lóṣòó ní àgbàlá rẹ̀, tí ó ta òkòtó, tí inú rẹ̀ sì dùn, òun náà ni wọ́n ń pè ní àgbàyà. Àwa kò fara mọ́ ìlò yìí rárá.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí òkòtó jẹ́, nítorí ó ṣeé ṣe kí àwọn ọ̀dọ́ kan láàárín wa má mọ̀ ọ́n mọ́. Ṣóńṣó ìkarahun ìgbín ni. A ó gé e, a ó lọ ẹnu rẹ̀ lórí òkúta títí yóò fi dọ́gba, a ó sì wá ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú. Ìka méjì ni a fi ń ta á, yóò sì máa pòòyì lórí ṣóńṣó rẹ̀ títí ojú kò fi ní rí i dáadáa mọ́. Ìgbà tí kálàmù bíró dé, àwọn ọmọdé fi ìdérí rẹ̀ ṣe òkòtó. Kò gba agbára. Ọgbọ́n ọwọ́ ni. Àgbà tí ó ti jù ú sílẹ̀ láti 50 ọdún, bí ó bá tún mú un, ìka rẹ̀ ṣì mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé àwọn tí ń fi irú bàbá bẹ́ẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà, lúdò ni wọ́n ń ta ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn lọ́jọ́ ìsinmi, tí ariwo wọn ń dé títì. Eré ọmọdé ni lúdò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní 1896. Wọn kò sì dá a láti inú ara wọn: láti ara pachisi, eré àwọn ará Índíà, ni wọ́n ti mú un jáde. Pachisi ní tirẹ̀ kì í ṣe eré ọmọdé. Ní Fatehpur Sikri, ìlú tí Ọba Akbar tẹ̀ dó, ọba tí ó wàjà ní 1605, àgbàlá kan wà tí a la ojú eré náà sí ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ń sọ pé ènìyàn gidi ni ọba ń lò bí ọmọ eré níbẹ̀. Ẹ wò ó o: ọba Índíà ta á, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ta á, àgbàlagbà Ìbàdàn sì ń ta á. Pátákó eré kò ní ọjọ́ orí. Ojú tí a fi ń wò ó ni ó ń yí padà.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé ọ̀làjú ni ó ní kí àgbà má ṣeré, kí ó béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ LEGO ti ilẹ̀ Denmark, tí a dá sílẹ̀ ní 1932, tí ń ṣe àwọn ohun ìṣeré tí ọmọdé ń tò pọ̀ di ilé àti ọkọ̀. Láti 2020 ni wọ́n ti ń kọ 18+ sára àwọn páálí kan. Àgbà tí ó rà á kò rà á fún ọmọ, tirẹ̀ ni.

Èdè wa pàápàá kò ya àgbà sọ́tọ̀ nínú ọ̀ràn yìí. Ayò ni à ń ta, òkòtó ni à ń ta. Kò sí ẹni tí yóò pe olóyè tí ó jókòó ti ọpọ́n ayò ní àgbàyà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀ta tí ó kéré sí ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ orí lè máa pè é ní ọ̀pẹ lójú gbogbo ènìyàn, tí kò sì ní bínú. (Níbo tún ni irú èyí ti lè ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá?) Ní 2002, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní Amsterdam, Romein àti Bal, fi kọ̀ǹpútà yẹ awari wò, èyí tí ó jẹ́ ìbátan ayò wa, ihò 12, ọmọ 48. Ọ̀nà tí àwọn ọmọ náà lè gbà dúró nínú ọpọ́n lé ní 889 bílíọ̀nù. Wọ́n sì rí i pé bí àwọn méjèèjì tí ń ta á kò bá ṣìṣe, ọ̀mì ni yóò já sí. Àwọn àgbà abẹ́ odán kò dúró de ìròyìn yìí kí wọ́n tó ka eré wọn sí ohun ọgbọ́n.

Àwa kò sọ pé kí àgbẹ̀ fi oko sílẹ̀, tàbí kí akọ̀wé fi tábìlì rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó sì fi owó oúnjẹ ilé ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù kò ṣeré. Òwò ni ó ṣe, ó sì pàdánù.

Ohun tí ó dùn wá jù ni ti àwọn ọmọ. Nígbà tí ìtìjú bá lé àgbà kúrò nídìí eré, eré náà kì í pẹ́ kú. Òṣùpá kò lè fúnra rẹ̀ kọ́ni ní bojúbojú. Ẹnu àti ọwọ́ ẹni tí ó ti ṣe é rí ni ọmọ ti ń gbà á. Ní agbo ilé, ọmọ ọdún 12 ni ó ń kọ́ ọmọ ọdún 7, tí àgbà ń wòran. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú ńlá lóde òní ń gbé nínú ilé tí a ti géètì rẹ̀ pa, kò sí ẹgbẹ́ tí yóò bá a ṣeré bí kò ṣe fóònù. Ẹni kan ṣoṣo tí ó kù tí ó lè fi òkòtó lé e lọ́wọ́ ni bàbá àgbà, òun gan-an sì ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń bẹ̀ pé kí ó jókòó jẹ́ẹ́ nítorí àlejò. Àwọn kan yóò ní kí ilé ẹ̀kọ́ gba iṣẹ́ yìí ṣe. Ó dára, kí wọ́n gbà á. Síbẹ̀, ọmọdé mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí ń kọ́ni ní eré nítorí owó oṣù àti ẹni tí eré náà ń dùn mọ́ nínú. Ẹni ìkejì ni yóò tẹ̀ lé.

Nítorí náà, a dá a lábàá pé, ní ìpàdé Ẹgbẹ́ tí yóò kẹ́yìn ọdún, lẹ́yìn tí a bá ti sọ ọ̀rọ̀ owó tán, kí a ya wákàtí kan sọ́tọ̀ tí olóyè àti ọ̀mọ̀wé yóò fi ta òkòtó lójú àwọn ọmọ wọn. A bẹ ẹ̀yin ìjòyè pé kí ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí yóò pe olóyè ní àgbàyà níwájú rẹ̀. Ní ti òkòtó, àwọn olóúnjẹ tí ń se ìgbín ń da ìkarahun nù lójoojúmọ́. Ẹ kàn sọ fún wọn kí wọ́n bá yín kó díẹ̀ pamọ́.