Ilẹ̀ Bàbá Kan Náà

Ọ̀ràn ìdílé kan ni ó mú wa kọ̀wé yìí. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ọmọ ìyá kan pín oko bàbá wọn sí méjì. Ẹ̀gbọ́n mú apá òkè, àbúrò mú apá ìsàlẹ̀ tí ó sún mọ́ odò. Ọdún kan náà ni wọ́n gbin kòkó. Ti ẹ̀gbọ́n so. Ti àbúrò ń gbẹ láti orí wá sísàlẹ̀ ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn kan pè é ní ọ̀lẹ, àwọn mìíràn ní ọwọ́ ayé ni, títí àwọn méjèèjì kò fi kí ara wọn mọ́.

A lọ wo oko náà fúnra wa. Erùpẹ̀ òkè pupa, ó sì ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Ti ìsàlẹ̀ jẹ́ yanrìn tí ń yọ́ láàrin ìka bí gàrí.

Òkúta ni ìyá ilẹ̀. Oòrùn àti òjò ni ó ń mú un jẹrà díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Akọ òkúta oníhóró ńlá a máa fi yanrìn púpọ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òkúta dúdú irú èyí tí ó wà ní Ìtagunmódì lẹ́bàá Iléṣà a máa di amọ̀ pupa rokoso tí kòkó fẹ́ràn. Smyth àti Montgomery, tí wọ́n yẹ ilẹ̀ wọ̀nyí wò, tẹ ìwé wọn jáde ní Ìbàdàn ní 1962. Orúkọ ìlú ni a fi ń pe irú ilẹ̀ nínú rẹ̀: Ìwó, Ẹgbẹ́dá, Àpòmù. (Ènìyàn lè máa ro ilẹ̀ Ìwó láìdé Ìwó rí!)

Ṣùgbọ́n òkúta kan náà ni ó wà lábẹ́ oko àwọn ará wa méjèèjì. Kí ni ó wá yà wọ́n? Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ ni. Láti ayébáyé ni àgbàrá ti ń wọ́ erùpẹ̀ láti òkè wá. Amọ̀ fúyẹ́, ó bá omi lọ sódò. Yanrìn wúwo, ó jókòó sí ìsàlẹ̀. Èyí ni ilẹ̀ Àpòmù, kò sì lè di omi mú nígbà ọ̀gbẹlẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ tí a kì í sanwó fún tún wà, ekòló àti ikán. Wọ́n ń gbé erùpẹ̀ kíkúnná wá sókè, wọ́n sì ń fi òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹni tí ó ń gbẹ́ kànga mọ̀ ọ́n: ilẹ̀ rírọ̀ ni ọkọ́ kọ́kọ́ bá pàdé, lẹ́yìn náà ni ó kan òkúta wẹ́wẹ́. Ẹni tí ó sì ń sun ewé oko lọ́dọọdún ń jó oúnjẹ ekòló níná.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Hans Jenny, tí ó kọ̀wé ní Amẹ́ríkà ní 1941, kó gbogbo rẹ̀ jọ sí márùn-ún: òkúta, ojú ọjọ́, ìrísí ilẹ̀, ohun abẹ̀mí, àti ọjọ́ orí. Kò sí ọ̀kan tí aápọn ọmọ ènìyàn lè yí padà tán láàrin ọdún mẹ́wàá.

Nítorí náà, kí ẹ tó pín ilẹ̀ tàbí kí ẹ tó rà á, ẹ gbẹ́ ihò tí ó mu ènìyàn dé àyà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan láàrin, ọ̀kan nísàlẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ fọ́ erùpẹ̀ rẹ̀ wò. Àwa gbẹ́ ẹ lójú àwọn méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n wo inú ihò náà pẹ́ títí, kò sọ̀rọ̀. Kí òjò ọdún náà tó dá, ó ti gé díẹ̀ nínú ilẹ̀ òkè fún àbúrò rẹ̀, gbágùúdá sì ni wọ́n jọ gbìn sí ìsàlẹ̀.