Iná Yàrá Ìdarí Tàn, Ṣùgbọ́n Wáyà 33kV Kò Ní Ẹ́ẹ̀tì

Bí ẹ bá gba ẹ̀gbẹ́ substation ńlá kan kọjá ní ilẹ̀ Yorùbá, irú èyí tó ń sọ 132kV di 33kV, tiransifọ́mà gàgàrà tí fáànù ń fẹ́ sí lára ni ojú yín máa kọ́kọ́ bọ́ sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ ó rí kékeré kan níbẹ̀. Òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, torí pé bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un ti di ewu fún gbogbo wa.

Ní ọ̀pọ̀ substation wa, star ni wọ́n fi so wáyà inú tiransifọ́mà ńlá yẹn níhà 132kV, delta ni wọ́n fi so ó níhà 33kV. Star ní ojúkò kan tí wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé, tí à ń pè ní níútírà, tí a sì lè fi bàbà so mọ́ ilẹ̀. Delta kò ní i. Ṣe ni wọ́n so ìdí wáyà kan mọ́ orí èkejì títí tó fi yípo. Nítorí náà, iná 33kV tó ń jáde lọ bá wa nílùú kò mọ ilẹ̀ rárá. Iṣẹ́ kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni láti wá níútírà fún un. Tiransifọ́mà ẹ́ẹ̀tì nìyẹn.

Bí kò bá sí ńkọ́? Ká sọ pé ìjì òjò jà, wáyà kan já bọ́ sẹ́yìnkùlé ẹnìkan. Bí níútírà bá wà, iná á gba inú ilẹ̀ padà sí substation, rìléè tó ń ṣọ́ wáyà á rí i, bíréékà á sì já kíá, iná á kú. Bí kò bá sí, iná kò rí ọ̀nà padà, díẹ̀ ló ń ṣàn, rìléè kò sì rí nǹkan kan. Wáyà náà á wà nílẹ̀ níbẹ̀ tòun ti iná lára, díẹ̀ tó ń ṣàn yẹn sì tó pa ènìyàn. Wáyà méjì yòókù, tó jẹ́ pé nǹkan bí 19kV ló wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn àti ilẹ̀ tẹ́lẹ̀, á gòkè dé 33kV. Tánganran tó ti gbó á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, arẹ́sítà tó ń gbà wá lọ́wọ́ àrá lè bú, wáyà abẹ́ ilẹ̀ lè jó ní ibi tó jìnnà réré sí ibi tí wáyà ti já. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé iná kì í lọ. Àwọn ará àdúgbò ń wo tẹlifíṣọ̀n wọn lọ, kò sẹ́ni tó máa ráhùn sí ẹnikẹ́ni.

Mi ò sọ pé ẹ́ẹ̀tì nìkan tó o. Bí wáyà bá bọ́ sórí yanrìn gbígbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iná náà lè má ṣàn tó èyí tí rìléè máa rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yọ ẹ́ẹ̀tì kúrò ti sọ rìléè di afọ́jú, àti òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn.

Ọgbọ́n tó wà nínú kékeré yìí dùn mọ́ mi títí dòní. Irin inú rẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ìdajì wáyà féèsì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń we mọ́ ẹsẹ̀ kan, wọ́n á gbé ìdajì kejì lọ sórí ẹsẹ̀ mìíràn, wọ́n á sì we é ní òdìkejì. Òun ni zigzag. Nígbà tí gbogbo nǹkan bá ń lọ déédéé, féèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í dé lẹ́ẹ̀kan náà, iná tó ń gba inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ṣùgbọ́n nígbà tí wáyà bá já, iná tó ń ti inú ilẹ̀ bọ̀ á pín sí mẹ́ta ọgbọọgba, á dé ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìdajì kan ń fà síbí, ìdajì kejì ń fà sọ́hùn-ún, bí ìgbà tí ẹgbẹ́ méjì tí agbára wọn dọ́gba bá ń fa okùn. Irin kò lè dí i lọ́wọ́ mọ́, ọ̀nà ti là fún un.

Tiransifọ́mà kékeré tó jẹ́ star-delta, tí star rẹ̀ wà níhà 33kV, náà lè ṣe iṣẹ́ yìí, níwọ̀n ìgbà tí delta inú rẹ̀ bá ṣì yípo pé. Bó bá já nínú òróró, níbi tí ojú kò tó, níútírà rẹ̀ kò wúlò mọ́. Ó sì tún máa ń tóbi ju zigzag lọ fún iṣẹ́ kan náà. Zigzag ni èmi fara mọ́.

Àǹfààní mìíràn tí zigzag ní ni kì í jẹ́ kí wọ́n rántí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Wọ́n lè we wáyà 415V mọ́ ọn lára, kó máa gbé gílóòbù, fáànù àti ẹ̀rọ tó ń gba iná sí bátìrì ní yàrá ìdarí. Bó bá wá jó, iná yàrá ìdarí nìkan ni wọ́n máa ń rántí.

Ó ṣojú mi ní substation kan tí mi ò ní dárúkọ. Zigzag ibẹ̀ jó, agbaṣẹ́ṣe sì gbé tiransifọ́mà 33kV sí 415V mìíràn wá, irú èyí tí wọ́n ń gbé sí abúlé àti ilé iṣẹ́. Iná tàn, inú gbogbo wọn dùn. Mo nu erùpẹ̀ ojú pátákó irin tó wà lára rẹ̀: Dyn11 ni wọ́n kọ síbẹ̀, ìyẹn ni pé delta ló wà níhà 33kV. ZNyn11, ìyẹn zigzag tó ní níútírà níhà 33kV, ló wà lára èyí tó jó, tí wọ́n gbé ti ògiri. Mo wá ka tánganran orí wọn. Èyí tó jó ní mẹ́rin níhà 33kV, ẹ̀kẹrin ni wọ́n fi bàbà pẹlẹbẹ so mọ́ ilẹ̀. Tuntun ní mẹ́ta péré. Bàbà pẹlẹbẹ náà nà sílẹ̀ gbalaja, kò so mọ́ nǹkan kan.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bójú tó iṣẹ́ náà ní, "Bàbá, 415 pé pérépéré, ẹ wò ó. Ó kúkú ní níútírà." Mo ní, "Ọmọ mi, níútírà 415 nìyẹn. Ti 33 dà?"

Wọ́n á ní zigzag kì í wà lórí igbá, pé kí ìlú má bàa wà lókùnkùn. Mo gbọ́. Bí tiransifọ́mà ńlá méjì bá wà níbẹ̀, ẹ pa 33kV wọn pọ̀, kí zigzag èkejì máa ṣọ́ gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì to rìléè kí iná já bí ìyẹn náà bá kúrò lójú iṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ Dyn11 fún gílóòbù, ẹ gbé e síbẹ̀, ṣùgbọ́n kí zigzag mìíràn wà fún ẹ́ẹ̀tì. Bí kò bá sí ọ̀nà kankan, ẹ pa fíídà náà. Mo mọ̀ pé ó máa dun àwọn ará ìlú, èmi náà wà lára wọn.

Òfin iná mànàmáná ọdún 2023 ti fún ìpínlẹ̀ lágbára láti máa bójú tó iná wọn. Ẹ̀yin àjọ tó ń mójú tó iná ní Èkìtì, Oǹdó àti Èkó, ẹ̀bẹ̀ mi rè é: ẹ fi í sínú ìlànà yín pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tan iná sí 33kV tí níútírà rẹ̀ kò so mọ́ ilẹ̀, kí ẹ sì rán ẹni tó máa ka pátákó irin náà kí ẹ tó buwọ́ lu iṣẹ́ kankan. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ wa, bí ọ̀gá bá ní kí ẹ tan iná, ẹ kọ́kọ́ ka tánganran orí tiransifọ́mà ẹ́ẹ̀tì níhà 33kV. Bí ẹ kò bá bá ẹ̀kẹrin níbẹ̀, ẹ má tan án.