Yàrá Lọ́ńdọ̀nù: Ta Ló Ti Wọ̀ Ọ́?

Ìyá aláṣọ kan n'Ìbàdàn ló gbóhùn ọmọ ẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù lálẹ́ ọjọ́ kan. Ọmọ ọ̀hún ò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ọ̀rẹ́ ló ń sùn. Ó lóun ti rí yàrá, ó mọ́ tónítóní, owó ẹ̀ ò sì wọ́n. Onílé ló rìnrìn àjò. Ó ní kí wọ́n san owó ilé oṣù kan àti dìpọ́sítì ná, òun á fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́.

Ìyá ti ń ka owó èsúsú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó nígbà tí àbúrò ẹ̀ bi í pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ti wọ yàrá yìí?"

Kò sẹ́nì kankan. Fọ́tò lọmọ rí.

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà. Àlejò lójú, kò fi ríran, àwọn gbájúẹ̀ ibẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ ò bá tíì wọlé, kó ṣí ẹ̀rọ omi wò, kọ́bọ̀ ò gbọdọ̀ jáde.

Láti oṣù kẹfà ọdún 2019, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò gbà kí ejẹ́ńtì gbowó lọ́wọ́ ayálégbé torí pé ó mú un lọ wolé. Owó àgírímẹ́ǹtì tó ń dá wa lágara níhìn-ín, kò sí níbẹ̀. Dìpọ́sítì yàrá ò gbọdọ̀ ju owó ilé ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ: bó bá jẹ́ £200 lọ́sẹ̀, £1,000 ti parí ẹ̀. Láàárín 30 ọjọ́, onílé gbọ́dọ̀ fi owó náà sábẹ́ ààbò àjọ tí ìjọba fọwọ́ sí, kó sì fún ayálégbé níwèé. Ẹni tó bá ń bá onílé gbé inú ilé kan náà, tìwèé yìí kì í sábà kàn án.

Bí onílé bá ní kí ọmọ mú físà wá, kì í ṣe ìwọ̀sí, òfin ló ní kó wò ó. (Àwọn bàbá wa tó débẹ̀ kí òfin 1968 tó dé, àwọ̀ ara wọn làwọn onílé mìíràn ń wò kí wọ́n tó tilẹ̀kùn.) Onílé tí kò béèrè ìwé kankan, tó ṣáà ń wá owó, òun ni kẹ́ ẹ sá fún.

Ìyá aláṣọ ò fowó ránṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì ọmọ ẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀. Ilé wà níbẹ̀ lóòótọ́. Obìnrin tó ṣílẹ̀kùn ní ọdún kẹsàn-án òun rèé nínú ilé náà, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fóun pé yàrá kan ṣófo.