Bisikíìtì Tí A Fọwọ́ Ara Wa Ṣe: Ṣé Ọ́ọ̀tì Ni Tàbí Àgbàdo?

  

Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi lónìí, ọ̀rọ̀ bisikíìtì ni. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ní ìpàdé wa tó kọjá, àwọn ọmọbìnrin kan láàárín wa dìde, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ yọ nínú owó àpò, kí a fi ra ààrò onígáàsì ńlá kan, kí a máa yan bisikíìtì ọ́ọ̀tì tà fún àwọn ọmọ iléèwé. Wọ́n gbé díẹ̀ wá nínú ike, a tọ́ ọ wò. Èmi nìkan jẹ mẹ́ta. Ó dùn. Àwọn kan pàtẹ́wọ́, àwọn àgbà kan ní àwọn ò ní fi owó ẹgbẹ́ ṣeré ọmọdé. Ariwo pọ̀, títí Ìyálọ́jà fi ní kí a sún un sí ìpàdé tó ń bọ̀. Èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé, ìwé ni mo ń kọ lọ́jọ́ náà, n kò ráyè sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi níbí.

Mo fara mọ́ àwọn ọmọ yìí pé kí a máa fọwọ́ ara wa ṣe ìpápánu àwọn ọmọ wa. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọ́ọ̀tì, n kò sì tíì fara mọ́ ààrò. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Nígbà tí mo délé, mo ní n kò ní sọ̀rọ̀ lórí ohun tí n kò dán wò. Mo ra agolo ọ́ọ̀tì kan. Owó agolo kan yẹn, lọ́jọ́ tí mo rà á, ó tó ra kóńgò àgbàdo mẹ́ta nínú ọjà wa níbí, yóò tún ṣẹ́ kù. Mo ra bọ́tà, ṣúgà, ẹyin àti fùláwà. N kò ní ààrò, nítorí náà mo da yanrìn gbígbẹ sínú ìkòkò irin ńlá, mo to òkúta mẹ́ta lé e, mo dé e, mo sì dáná èédú sí i títí inú rẹ̀ fi gbóná dáadáa. Mo wá gbé àwo pẹrẹsẹ tí mo to bisikíìtì sí lé orí òkúta náà.

Èyí àkọ́kọ́ jóná. Mo ń retí kí ó le nínú ìkòkò, n kò mọ̀ pé rírọ̀ ni bisikíìtì í rọ̀ nígbà tó bá gbóná, ìgbà tó bá tutù ló ń le. Bí etí rẹ̀ bá ti pọ́n, ẹ gbé e kúrò. Èyí ẹlẹ́ẹ̀kejì dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣírò owó tí mo ná, tí mo yọ àwọn tó jóná, àwọn tó fọ́, àti èyí tí àwọn ọmọ-ọmọ mi ti jẹ kí n tó kà wọ́n, iye tí mo ní láti ta ẹyọ kan kí n tó lè rí èrè ju owó tí ọmọ iléèwé ń mú dání lọ. Ta ni yóò wá rà á?

Ọ́ọ̀tì yìí, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní Quaker nítorí orúkọ tó wà lára agolo, oúnjẹ oníhóró ni, bíi ọkà bàbà àti àgbàdo. Ilẹ̀ tútù ló fẹ́, irú bíi Rọ́ṣíà, Kánádà àti Scotland. Kì í ṣe irúgbìn oko Ayétẹ̀. Ó dára fún ara, n kò jiyàn. Lọ́dún 1997, ìjọba Amẹ́ríkà gbà kí àwọn tó ń tà á kọ ọ́ sára páálí pé ó lè dín ewu àrùn ọkàn kù, bí oúnjẹ tí èèyàn ń jẹ ẹ́ mọ́ kò bá lọ́ràá púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti da bọ́tà àti ṣúgà lé e lórí, ìyẹn ti di nǹkan mìíràn. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ fún oníbàárà tó ní àtọ̀gbẹ pé kó máa rà á jẹ, pé oògùn ni. Ẹ jọ̀ọ́, kí a má fi irọ́ tajà. Bisikíìtì ni bisikíìtì ń jẹ́.

Ohun tó tún ń bà mí lẹ́rù ni pé ohun tó bá ti òkè òkun wá, bí òkè òkun bá mì, àwa náà á mì. Ẹ̀yin àgbà á rántí. Lóṣù kìíní ọdún 1987, ìjọba Babangida fòfin de kíkó àlìkámà wọ Nàìjíríà. Mo ṣì ń tẹ̀lé ìyá mi lọ sọ́jà nígbà yẹn. Búrẹ́dì wọ́n bí ojú. Nígbà tó yá wọ́n ṣí i padà. Lọ́dún 2022, Rọ́ṣíà gbógun ti Ukraine, owó àlìkámà fò sókè káàkiri ayé. Lóṣù kẹfà ọdún 2023, ìjọba ní kí ọjà máa pinnu iye náírà fúnra rẹ̀, owó wa sì wó lulẹ̀ níwájú dọ́là. Gbogbo ẹni tó ń fi fùláwà ṣiṣẹ́ láàárín wa ló mọ bó ṣe rí lára òun. Ṣé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ la tún fẹ́ fi kún un?

Ẹ wo ohun tó wà nílẹ̀. Ìbàràpá méje, láti Ìgàngàn, Tápà àti Ayétẹ̀ títí dé Ìdèrè, Igbó-Ọrà, Èrúwà àti Lánlátẹ̀, ilẹ̀ àgbàdo ni, ilẹ̀ ẹ̀gúsí ni. Àwọn ìyá wa yan àgbàdo, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n fi epo pupa pò ó, ó di àádùn. Wọ́n fi ẹ̀gúsí ṣe róbó. Ìpápánu aláfọwọ́ṣe kì í ṣe ohun tuntun sí wa rárá.

Nítorí náà mo tún dáná. Mo yan àgbàdo bí ẹni fẹ́ ṣe àádùn, mo ní kí wọ́n lọ̀ ọ́ kí ó má kúná jù. Mo lo ife kan àbọ̀ nínú rẹ̀, pẹ̀lú ife fùláwà kan, nítorí àgbàdo nìkan kì í dì mọ́ra, yóò máa rún. Mo fi ẹ̀pà yíyan tí mo gún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i, ààbọ̀ ife, ṣúgà ààbọ̀ ife, bọ́tà ààbọ̀ ife, ẹyin méjì, iyọ̀ díẹ̀, àti bekin páúdà ṣíbí kékeré kan. Mo pò ó, mo sì fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí àgbàdo lè mu omi ẹyin yẹn dáadáa. Ó fún mi ní ọgbọ̀n bisikíìtì. Àwọn ọmọ àdúgbò jẹ ẹ́ tán, wọ́n tún béèrè. Iye tí ọmọ iléèwé lè san, mo lè tà á bẹ́ẹ̀, kí n sì rí èrè díẹ̀.

Ohun kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fi ṣeré. Àgbàdo tàbí ẹ̀pà tó ti bu, kódà bó ṣe díẹ̀, ẹ má lò ó. Ẹ má sọ pé iná á pa á. Oró tó wà nínú rẹ̀ kì í kú tán sínú iná, ẹ̀dọ̀ èèyàn ló sì ń bà jẹ́. Ní Kẹ́ńyà lọ́dún 2004, àgbàdo tó bu pa èèyàn 125. Ẹ ṣa á, ẹ sá a kí ó gbẹ, ẹ tún ṣa á. Àwọn tí wọ́n máa jẹ ẹ́, ọmọ wa ni.

Ohun tí mo fẹ́ dá lábàá ní ìpàdé nìyí. Kí a má tíì ra ààrò. Kí àwọn mẹ́rin yọ̀ǹda ara wọn, kí àwọn ọmọbìnrin tó mú ọ̀rọ̀ yìí wá wà nínú wọn, nítorí ọwọ́ wọn mọ́ iṣẹ́ náà ju tèmi lọ. Kí ẹgbẹ́ yá wọn ní owó àgbàdo, ẹ̀pà, èédú àti náílọ̀nù nìkan. Kí wọ́n fi ìkòkò oníyanrìn ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí wọ́n sì máa kọ gbogbo ohun tó wọlé àti ohun tó jáde sílẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kọ, kó wá bá mi, èmi á bá a kọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá pé tí ìwé fi èrè hàn, èmi gan-an ni n óò kọ́kọ́ nawọ́ sókè pé kí a ra ààrò.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ní eré ọmọdé ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ ọ wò ná. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ má bínú pé mo yọ ọ́ọ̀tì kúrò. Ọgbọ́n yín ni mo mú, oko bàbá wa ni mo fi kún un. N óò gbé díẹ̀ wá sípàdé nínú ike. Ẹ tètè dé, torí mo mọ ẹnu yín.

Èmi ni akọ̀wé yín.